Fìlà Tí Fọ́tò Kò Lè Dé

Alága wa lónìí, Olóyè Awólọ́lá, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Ìkirè àti Àpòmù tí ẹ jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi, mo kúnlẹ̀, bí orúnkún ọ̀hún tilẹ̀ ń ké. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi Fájánà, alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, mo rí yín, mo sì rí i pé aṣọ tuntun lẹ wọ̀ wá. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ààfáà, ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe tí ẹ fi ọmọ yín sọ́wọ́ wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yin àna mi láti ilé Alájì Nùrúdíìnì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń yọjú lójú fèrèsé bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní kí ẹ jókòó sí kíláàsì. Àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti Aṣẹ́jirè, ti Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ wá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró. Èmi tí mo ti ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ dákẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe mi, ọjọ́ tí mò ń lọ lẹ wá ń sọ fún mi pé kí n ṣe kíá? Mo gbọ́, màá gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè là á fún yín: iṣẹ́ méjì ni mo ń fẹ̀yìntì lẹ́nu ẹ̀ lónìí. Ìjọba mọ ọ̀kan. Èkejì ni mo torí ẹ̀ bẹ Alága pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí oúnjẹ tó dé, nítorí mo mọ̀ yín. Tí ìrẹsì bá ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ mi mọ́.

Ti àkọ́kọ́ ò le. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe oko kòkó níbí, wọn ò sì padà mọ́. Tíṣà ni mo fẹ́ jẹ́, tíṣà ni mo jẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbé mi wá sí Ilé-ìwé Gíga Ìrẹ̀pọ̀ yìí, òjò ń wọ kíláàsì, ewúrẹ́ sì ń sùn sínú ọ́fíìsì pírínsípà ju bí pírínsípà fúnra ẹ̀ ṣe ń jókòó síbẹ̀ lọ. Ẹ wo òrùlé orí yín báyìí. Èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Abdulrazaq, igbákejì mi, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láàárọ̀, tó tún ń gun àkàbà lọ kan páànù lọ́sàn-án, irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èmi máa ń pariwo, ẹ̀yin máa ń rọra sọ ọ́, àwọn ọmọ sì máa ń ṣe ohun tí ẹ̀yin bá sọ. Inú máa ń bí mi sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tí mo bá wí jù, ẹ̀yin tí mo ní kò lè yege tí ẹ sì yege, tí ọ̀kan nínú yín wá di dókítà tó tún ẹsẹ̀ mi yìí ṣe, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Mo ti ṣe é tán.

Iṣẹ́ kejì ni iṣẹ́ ìyá ọkọ.

Mo rí ojú yín. Ẹ ní ṣé wọ́n máa ń fẹ̀yìntì nínú ìyẹn náà ni? Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Púpọ̀ nínú yín mọ ìdajì ẹ̀, nítorí nínú gbọ̀ngàn yìí ló ti ṣẹlẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin, Adémúyìwá, ti wà ní Kánádà nígbà tó sọ pé Nimotallahi lòun máa fẹ́. Ilé-ìwé yìí náà ni wọ́n ti mọ ara wọn. Ó ní ìwé ìgbélùú òun ò tíì pé, pé tóun bá wálé, wọn lè máà jẹ́ kóun padà wọlé. Ìdílé méjèèjì wá fẹnu kò pé ká ṣe ìdána, kí ìyàwó máa bọ̀ nílé wa, tí ọkọ bá dé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, èyí tó bá wù wọ́n ni ká lọ. Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀. Mélòó nínú yín ló ní ọmọ lókè òkun tí fọ́tò ẹ̀ jókòó sórí àga ọkọ ìyàwó? Ẹ má nawọ́, mo mọ̀ yín. A ní kí wọ́n tẹ fọ́tò Múyìwá kó tóbi, wọ́n fi gíláàsì sí i, a sì gbé e sórí àga.

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí ó fi kan fìlà. Ẹ mọ ibi tí ìyàwó ti máa ń dé ọkọ ẹ̀ ní fìlà tí gbogbo èèyàn á hó yèè. Nimotallahi gbé fìlà lé orí fọ́tò, fìlà já bọ́. Ó tún gbé e lé e, ó tún já bọ́, ó bọ́ sáàárín iṣu ìdána. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àmì wo rèé. Obìnrin tó jẹ́ alága ìjókòó, ẹni tí ẹnu ẹ̀ yá gan-an, ló sọ pé, "Ṣé ọkọ ò ní ọmọ ìyá níbí ni? Kó wá bá a gbé fìlà ẹ̀." Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, Olúwadùnsìn, nìkan ló wà nítòsí. Wọ́n gbé fọ́tò sílẹ̀ lẹ́yìn àga, Dùnsìn jókòó, Nimotallahi dé e ní fìlà, ó sì dì mọ́ ọn. Àwa ń rẹ́rìn-ín, à ń pàtẹ́wọ́.

Ẹnì kan gbé fóònù sókè, ibi tí mo sọ yìí nìkan ló sì gbà sílẹ̀. Obìnrin ń dé obìnrin ní fìlà, ogunlọ́gọ̀ ń hó, kò sí fọ́tò níbẹ̀, kò sí Múyìwá níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò yẹn ti dé Ìbàdàn, wọ́n sì ti kọ ọ́ sórí ẹ̀ pé ní Àpòmù, obìnrin fẹ́ obìnrin. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ sórí rédíò kan, àwọn èèyàn ń pè wọlé, wọ́n ń bú àwọn òbí tó jókòó tí wọ́n jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Mo jókòó nínú ilé mi, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú mi. Àwọn agbófinró méjì wá sílé mi. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ béèrè ọ̀rọ̀, mo gbé fọ́tò hàn wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Mo rò pé ó parí.

Kò parí. Dùnsìn ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì níbí, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló gbà á síṣẹ́. Mo sọ ti fọ́tò fún àwọn òbí, wọ́n ní ọmọ mi ni mò ń gbèjà; wọ́n yarí pé kó máa lọ, pé irú ẹ̀ ò lè dúró níwájú ọmọ àwọn. Ni a bá pe ìpàdé síbí. Ọ̀gbẹ́ni Fájánà ló ṣáájú wọn. Alága ẹgbẹ́ òbí, ẹ má wolẹ̀, ọ̀rẹ́ ni wá báyìí, mo sì mọ̀ pé ọmọ yín lẹ̀ ń rò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Pásítọ̀ wa dìde, wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé, ọkùnrin àti obìnrin ló ń jẹ́ ìgbéyàwó, òfin Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ààfáà ní ohun tí pásítọ̀ sọ náà ló wà nínú ìwé tàwọn, ó ní lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹni jọ ń kírun làwọn méjèèjì. Bàbá Ẹfúnyẹmí, oníṣẹ̀ṣe, ní tàwọn, ilé méjì ló ń fẹ́ra wọn, tí ilé bá dúró lẹ́yìn ọmọ, ó tó. Ọmọdékùnrin agùnbánirọ̀ kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àwọn ìlú kan wà tí ọkùnrin ń fẹ́ ọkùnrin tí obìnrin ń fẹ́ obìnrin lábẹ́ òfin, wọ́n ń jí, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, òun ò sì rí ohun tó kan ìpàdé òbí nínú yàrá àgbàlagbà méjì. Ariwo ta. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Èmi fúnra mi ní kó jókòó.

Níbi tí a ti ń pariwo ni Nimotallahi ti dìde lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Múyìwá ni mo fẹ́. Fọ́tò wọn ò lè dé fìlà, ni Dùnsìn ṣe bá wọn gbé e. Tí ẹ bá lé e torí ẹ̀, èmi náà ò ní wọ inú ọgbà yìí mọ́."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ọ̀gbẹ́ni Fájánà bẹ Dùnsìn lójú gbogbo èèyàn, mo sì yìn wọ́n fún un. Pásítọ̀ gbàdúrà, ààfáà ṣe àmín. Gbogbo wa lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ pé ọkùnrin ló fẹ́ obìnrin bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú gbogbo wa tá a wà níbí lọ́jọ́ náà, ta ló béèrè ibi tí ọkọ wà?

Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ mi gba ibòmíì. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa ìgbéyàwó ni mo ṣì dì mú. Òfin ilẹ̀ yìí, mo mọ̀ ọ́n, a ò sì ní yí i padà kí ìrẹsì tó dé. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ mi lọ́sẹ̀ yẹn. Kò jẹun, kò jáde. Ọmọ tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ju omi ọ̀rá lù ú lẹ́bàá ọ̀nà. Nítorí ohun tí kì í ṣòótọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé, tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá kò lóǹkà. Ẹni tó jẹ́ òótọ́ fún á wà nínú wọn, n ò mọ̀ ọ́n, kò sì ní sọ fún mi lẹ́yìn ariwo tá a pa lọ́jọ́ náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo fẹ́ kí wọ́n ju nǹkan lù. Èmi àti agùnbánirọ̀ yẹn ò tíì gbà fún ara wa títí dòní, ṣùgbọ́n òun nìkan ló rántí pé èèyàn là ń sọ̀rọ̀ wọn. Ibikíbi tó bá wà, mo kí i.

Ohun kejì tí mo rí ni pé gbogbo wa ló mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni. A mọ̀ ọ́n lórí. Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ara wọn máa ṣe fún ara wọn, kò sẹ́ni tó yà á sọ́tọ̀ sọ. Ṣé ẹ ò rí i pé ìdajì ìpàdé la ṣe?

Ẹ gbọ́ ìdajì tó kù.

Múyìwá ò wálé. Ìwé pé, kò wálé. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń pe ìyàwó ẹ̀ lálaalẹ́, ó di ọjọ́ ìsinmi, ó di ọjọ́ ọdún. Nimotallahi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó ń dín dòdò, ó ń tà á fún àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ti Ifẹ̀ bọ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹsẹ̀ mi, òun ló ń wẹ̀ mí. Mo bí ọmọ, n kò rí èyí tó wẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ọkọ ẹ̀, á ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n ń bọ̀.

Lọ́dún yìí ni Tìmí wálé. Ọmọ ilé-ìwé yìí náà ni Tìmí, ìlú kan náà lòun àti Múyìwá ń gbé. Ó wá kí mi, kò lè jókòó dáadáa. Mo ní kó sọ ohun tó ń dùn ún nínú. Ó ní Múyìwá ti ń bá obìnrin kan gbé lọ́hùn-ún, wọ́n ti bímọ, ọmọ náà ti ń rìn. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù. Kò parọ́ fún mi, ìyẹn ni mo lè fi yìn ín. Ó ní òun ò mọ bóun ṣe fẹ́ sọ ọ́ ni. Ó wá ní kí n ṣáà bá òun mú sùúrù fún Nimotallahi, kó máa wà lọ́dọ̀ mi, pé ara mi ò yá, mo nílò ẹni tó máa wà pẹ̀lú mi. Inú bí mi débi pé mo gbé fóònù sílẹ̀, n ò mọ̀gbà tí mo gbé e sílẹ̀.

N ò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Mo pe Nimotallahi, mo sọ ọ́ fún un. Kò sunkún. Ó ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti fura. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mò ń jẹ́ ni. N kì í ṣe opó, n kì í ṣe ọmọge. Tí wọ́n bá kí mi ní ìyàwó, n ò mọ ohun tí mo ń jẹ́ ẹ fún."

Mo lọ bá bàbá rẹ̀ pé mo fẹ́ dá a padà sílé. Alájì, ẹ wà níbẹ̀ yẹn, ẹ má bínú tí mo bá sọ ohun tí ẹ wí. Ẹ ní àwọn èèyàn á sọ pé ọmọ yín ṣe ohun tí kò dáa nílé ọkọ ló ṣe padà. Ẹ ní, "Ẹ fi ogunlọ́gọ̀ èèyàn wá mú un lọ, ẹ má fi kọ̀rọ̀ dá a padà fún mi." Mo gbọ́ yín, Alájì. Òótọ́ lẹ sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe gbogbo èèyàn tó wà níbi ìdána, gbogbo ẹni tó wà níbi ìpàdé, gbogbo ẹni tó fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ìfẹ̀yìntì lásán lẹ wá. Ẹ ṣì wà níbi ìpàdé yẹn ni.

Àwọn kan ti gbọ́ fìrìfìrì, wọ́n ti wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní ìgbéyàwó kì í ṣe ohun tá à ń tú, pé kó fara dà á, pé ọkùnrin ni ọkùnrin á jẹ́, pé ohun tí ọmọ mi ṣe, ó ṣáà wà létòlétò, obìnrin ló lọ bá. Mo ní ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹ rò pé obìnrin méjì fẹ́ra wọn, ẹ kún gbọ̀ngàn yìí dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ní ìgbéyàwó fẹ́ bàjẹ́. Ọkùnrin fi ìyàwó sílẹ̀ sórí àga títí ó fi bí ọmọ síbòmíì, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé. Èwo gan-an ló ba ìgbéyàwó jẹ́ nínú méjèèjì? Mo bi yín, ẹ má dáhùn lójú mi. Ẹ dáhùn ẹ̀ nílé.

Nimotallahi, wá. Dùnsìn, bá a dìde, ẹ jọ máa bọ̀. Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ iwájú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ọmọ yìí. Èmi, Morónkẹ́ Ògúntọ́lá, tí mo mú un láti ilé bàbá rẹ̀ lójú yín, mo ń dá a padà lójú yín. Kò jalè, kò ṣàgbèrè, kò rí mi fín lọ́jọ́ kan. Ó dúró sí ipò ẹ̀, ẹni tó yẹ kó wá bá a níbẹ̀ ni kò wá. Ìdílé wa ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ àwọn òbí ẹ̀. Ohun tó bá wà nínú yàrá ẹ̀ nílé mi, tirẹ̀ ni. Tó bá fẹ́ fẹ́ ẹlòmíì, kó fẹ́ ẹ. Tó bá fẹ́ lọ sí ilé-ìwé, mo mọ ọ̀nà ibẹ̀, màá bá a dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti òní lọ, ẹni tó bá pè é ní ìyàwó Múyìwá, ó ṣì í pè, kó sì bẹ̀ ẹ́.

Alájì, ẹ gba ọmọ yín. Ẹ ṣeun. Ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú dáadáa.

Ó ku nǹkan kan. Fìlà náà wà nínú báàgì mi. Ẹ wò ó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un kúrò lórí Dùnsìn, Nimotallahi ló ń gbọn eruku ẹ̀, ló ń pa á mọ́. Àná ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Dùnsìn, o bá ẹ̀gbọ́n rẹ gbé e lọ́jọ́sí, ojú rẹ rí nǹkan. Má bá a gbé e mọ́. Tìmí, o wà níbẹ̀ yẹn? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lò ń padà. Gbà á, fi sínú ẹrù rẹ. Sọ fún Adémúyìwá pé ìyá ẹ̀ ní òun ṣì jẹ́ ìyá ẹ̀, òun á sì fẹ́ rí ọmọ tó bí. Ṣùgbọ́n fìlà yìí, òun ló ni ín. Kó máa wò ó.

Ó tó. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú ilé-ìwé yìí, kí ẹni tó ń gba ipò mi ṣe jù mí lọ, kó sì pariwo dín sí tèmi. Kí àwọn ọmọ tá a fi ránṣẹ́ sókè òkun máa rántí ilé. Kí àwọn ọmọbìnrin wa má jókòó ti àga òfìfo. Kí gbogbo ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní ìlú yìí, nítorí ohunkóhun, rí ẹni tó máa dìde láàárín ariwo bá a sọ òótọ́. Kí ẹsẹ̀ yín má wúwo bí ẹ ṣe ń padà lọ. Kí ẹ máa rí ayọ̀ bá ara yín yọ̀.

Ìwé ìfẹ̀yìntì iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà lórí tábìlì níwájú Alága, ìjọba ló fọwọ́ sí i. Ti èkejì kò ní ìwé. Ojú yín tó rí i ni mo fi ṣe ìwé ẹ̀, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Nimotallahi, lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ. Wọ́n lè máa gbé ìrẹsì bọ̀ báyìí, kó o má sì dìde lọ bá wọn pín in. Àlejò ni ọ́ lónìí.

Ẹ ṣé o.